Ẹ̀yin ìyá nínú Olúwa, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí n fẹ́ padà sílé ìwé nígbà tí ọmọ mi ṣì ń mu ọmú?

Ìyá Ọmọ Méjì, Táńkè:

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin màmá wa, ẹ̀yin bàbá wa náà ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń yọ mí lẹ́nu, ọjọ́ ti pẹ́, mi ò sì lè gbé e lọ síwájú àwọn ìyá ìjọ wa torí mo ti mọ ohun tí wọ́n máa sọ, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e wá síbí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú tó bá gùn.

Tíṣà ni mí ní ilé ìwé praímárì aládàáni kan níbí ní Ìlọrin, Táńkè là ń gbé. NCE, ìwé ẹ̀rí tíṣà, ni mo ní, látìgbà tí mo sì ti gbà á ló ti wà lọ́kàn mi pé màá lọ ṣe dìgírì, B.Ed nínú ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé, torí mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí gan-an, tí ọmọ tí kò mọ A bá wọ kíláàsì mi tó wá ń ka ìwé fún màmá ẹ̀ nílé kí táàmù tó parí, inú mi máa ń dùn débi pé màá gbàgbé pé owó oṣù ò tíì wọlé. Mo ṣègbéyàwó, a bí àkọ́kọ́, a bí ìkejì, ọ̀rọ̀ ìwé wá di ọ̀la, di ọ̀tunla. Àkọ́bí wà ní nọ́sìrì báyìí, àbúrò ẹ̀ ti pé oṣù méje, ó ṣì ń mu ọmú.

Ẹ wo bí ọjọ́ mi ṣe ń rí. Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà ní mọ́sáláṣí ẹ̀yìn ilé wa ni ìkejì ti máa jí mi, tó bá mu ọmú tán òun á padà sùn, èmi ò ní lè sùn mọ́, màá dìde gbé omi kaná, màá fọ abọ́ àná, màá po ògì, màá se ohun tí àkọ́bí máa gbé lọ sílé ìwé, màá wẹ̀ wọ́n, màá pọn ìkejì, ó di inú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ọ̀gá wa gbà kí n máa gbé ọmọ wá, Ọlọ́run bù kún un, orí ẹní kékeré lẹ́yìn kíláàsì ló máa ń sùn sí, tó bá sì sunkún màá pọ̀n ọ́n, màá máa kọ bọ́ọ̀dù lọ. Tí a bá délé nírọ̀lẹ́, ata ń dúró, aṣọ ilé ìwé ń dúró, máàkì àwọn ọmọ kíláàsì ń dúró, NEPA lè mú iná lọ, ọkọ mi á sì ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Challenge dé bíi aago mẹ́jọ. Tí mo bá wá kúnlẹ̀ láti gbàdúrà lálẹ́, orí ìkúnlẹ̀ yẹn náà ni oorun máa ń gbé mi lọ, ọkọ mi ló máa ń fọwọ́ tọ́ mi pé dìde kí o lọ sùn.

Ibi tó dùn mí jù wá rèé. Ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ wa, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ni, mi ò sì rí i lọ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Màmá kan pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn, ó ní ìyàwó, iná orí pẹpẹ rẹ ti fẹ́ kú o, nígbà tí o ò tíì bímọ o máa ń dé kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, ṣé Ọlọ́run tó fún ẹ lọ́mọ lo wá ń sá fún? Mi ò lè dá a lóhùn. Mo sunkún wọ ilé lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tí mo wá dárúkọ fọ́ọ̀mù fún ọkọ mi, ó ní ṣé ilé yìí ò tíì tó ẹ ṣe ni. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú o, èèyàn jẹ́jẹ́ ni ọkọ mi, onígbàgbọ́ tòótọ́ ni, àánú mi ló ń ṣe é. Ìyá ọkọ mi nìkan ló sọ pé òun máa bá mi wo àwọn ọmọ, Ọ̀fà ni wọ́n ń gbé, mùsùlùmí sì ni wọ́n, ìyẹn náà ni àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ń wò mí sí.

Ìbéèrè mi ni pé, ṣé ìmọtara-ẹni-nìkan ni ohun tí mo fẹ́ yìí? Ṣé kí n gbàgbé ẹ̀ títí àwọn ọmọ á fi dàgbà? Báwo ni ẹ̀yin tó ti la ìgbà yìí kọjá ṣe ń gbàdúrà? Mo fẹ́ràn ilé mi, mo fẹ́ràn Jésù, ó kàn ń ṣe mí bíi pé èmi fúnra mi ò sí nínú ilé náà mọ́.

---

Màmá Òmù-Àrán:

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Pẹ̀lẹ́ gan-an. Mo ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ tíṣà, mo ti ṣe olórí àwọn obìnrin nínú ìjọ, torí náà ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, àwọn ẹgbẹ́ mi àgbà ni mo fi ń bá wí pẹ̀lú.

Lọ ṣí Sámúẹ́lì Kìn-ín-ní orí 1. Gbogbo wa la mọ Hánà tó sunkún ní Ṣílò, gbogbo wa la ń fi gbàdúrà fún ẹni tó ń wá ọmọ. Ṣùgbọ́n ka ẹsẹ 21 sí 23, ibi tí ọ̀pọ̀ wa máa ń fò kọjá. Nígbà tó bí Sámúẹ́lì tán, Ẹlikénà àti gbogbo ilé rẹ̀ tún ń gòkè lọ sí Ṣílò láti rúbọ ọdọọdún, Hánà ní òun ò lọ. Ó ní ó di ìgbà tí òun bá gba ọmú lẹ́nu ọmọ. Obìnrin tí Ọlọ́run ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lóhùn o! Ó jókòó sílé fún ọmọ lọ́mú. Ọkọ rẹ̀ ò pè é ní aláìmoore, ó ní kó ṣe èyí tó dára lójú rẹ̀. Ẹlì ò ránṣẹ́ wá bá a wí. Ọlọ́run náà ò bínú. Ọmọ tó jókòó tì yẹn ló sì di wòlíì fún gbogbo Ísírẹ́lì. Nítorí náà ẹni tó bá sọ fún ẹ pé ò ń sá fún Ọlọ́run nítorí pé ò ń fọ́mọ lọ́mú ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ní kó bá ẹ ka ibẹ̀ yẹn.

Ohun kejì, ẹ̀yin ọmọ òde òní ń ru ohun tí àwa ò rù. Nígbà tí mo bí àwọn ọmọ mi, inú agbo ilé ni mo wà. Ìyá ọkọ mi ló ń wẹ ọmọ, ìyàwó àbúrò ọkọ mi ló ń gún iyán tí mo bá ti ilé ìwé dé, bí ọmọ bá ti ń rìn, ẹnu ọ̀nà tó bá wù ú ló ti ń jẹun, ẹni tó bá rí i tó ń ṣe àṣìṣe á bá a wí kí n tó dé. Ṣé ìwọ rí ẹni kankan ní Táńkè níbẹ̀? Rúùmù méjì, gééètì títì, aládùúgbò tí o kì í rí àfi lọ́jọ́ tí ẹ bá ń san owó iná. Ìwọ nìkan wá ń ṣe iṣẹ́ obìnrin mẹ́rin, o sì tún ń lọ síbi iṣẹ́, a wá ń fi ojú ti àtijọ́ wò ẹ́ pé àwa ṣe é, kí ló dé tí ìwọ ò lè ṣe é. Kò tọ́. Títù orí 2 ní kí àwọn àgbà obìnrin kọ́ àwọn ọ̀dọ́ láti fẹ́ràn ọkọ àti ọmọ wọn. Kíkọ́ yẹn ju kí a pe èèyàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ká nà án lọ́rọ̀ lọ, kí màmá náà wá gbé ọmọ jókòó fún wákàtí kan kí o sùn, ìyẹn gan-an ni ẹ̀kọ́.

Lórí àdúrà. Má dúró de wákàtí kan tó dákẹ́ jẹ́ẹ́, kò ní í dé báyìí. Ohun tí mo ṣe nígbà náà ni pé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹni tó ni ín. Tí mo bá ń fọ aṣọ ọkọ mi, òun ni mò ń dárúkọ, tí mo bá kan kọ́là, màá ní Olúwa má jẹ́ kí ọrùn yìí rí ìtìjú, tí mo bá kan àpò ṣòkòtò, màá ní bùkún ọwọ́ tó ń wọ ibí yìí. Tí mo bá ń wẹ ọmọ, Sáàmù 23 ni mo fi ń wẹ̀ wọ́n, mo máa ń bu omi lé ẹsẹ kọ̀ọ̀kan, débi pé àwọn ọmọ náà mọ ọ́n kí wọ́n tó mọ ABD. Àdúrà gidi ni, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ẹ pé àdúrà kékeré ni. Tí oorun bá sì gbé ẹ lórí ìkúnlẹ̀, ẹni tó dá ẹ mọ̀ pé ó rẹ̀ ẹ́. Èlíjà sùn lábẹ́ igi, ó ní kí òun kú, áńgẹ́lì tó wá bá a kò wàásù fún un rárá, oúnjẹ àti omi ló gbé fún un, ó jẹ, ó tún sùn, ẹ̀ẹ̀mejì ni, kí wọ́n tó bá a sọ̀rọ̀ iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìwé, lọ ka ìwé rẹ. Obìnrin inú Òwe 31 tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà yín, ó wo oko, ó rà á, ó ń ta ọjà. Kí wọ́n sì rántí ka ẹsẹ 15, ó ní àwọn ìránṣẹ́bìnrin nínú ilé. Kò dá a ṣe.

---

Ìyá Àdúrà, Gáà Akanbí:

Mo kí màmá Òmù-Àrán, mo gbà pẹ̀lú ohun tí wọ́n sọ nípa Hánà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀dọ̀ mi torí ó ń ká mi lára. Mo ti rí arábìnrin tó bẹ̀rẹ̀ báyìí, ọmọ ló kọ́kọ́ ní kò jẹ́ kí òun wá, lẹ́yìn náà ó di iṣẹ́, lẹ́yìn náà ó di ìwé, nígbà tí ìdánwò wá kanlẹ̀kùn kò sí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe é torí kò bá ẹnikẹ́ni jókòó mọ́. Ìyẹn ni ìbẹ̀rù mi fún ẹ. Hánà jókòó sílé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó gba ọmú lẹ́nu ọmọ, ó gbéra lọ sí Ṣílò, kò sọ pé ó ti mọ́ òun lára láti máa jókòó.

Sátífíkéètì dára, mi ò lòdì sí i. Ṣùgbọ́n béèrè lọ́wọ́ ara rẹ, ta ni yóò máa mọ ohun tí àkọ́bí rẹ ń kọ́ lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí o bá ń ti ibi iṣẹ́ wọ inú lẹ́kíṣọ̀? Ọmọ tó wà láàárín ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà, ìgbà náà ni ìwà ń wọ̀ ọ́ lára. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí o má kánjú, kí o sì má jẹ́ kí okùn ìdàpọ̀ já. Tí Ọjọ́rú ò bá ṣeé ṣe, wá ẹni méjì nínú àwọn obìnrin ìjọ tí ẹ jọ ń gbé àdúgbò, kí ẹ máa gbàdúrà pọ̀ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú díẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé, kódà kó jẹ́ ibi tí ẹ ti ń ṣa ẹ̀fọ́. Kí ẹnì kan ṣáà máa mọ bí ọkàn rẹ ṣe wà.

---

Ìyá Ọmọ Méjì, Táńkè:

Màmá Òmù-Àrán, mo ka ti yín, mo pe ọkọ mi wá kà á, ẹ ṣé, ẹ ṣé. Ìyá Àdúrà, ẹ̀yin náà ẹ ṣé mà, ti Sátidé yẹn wọ̀ mí lọ́kàn, arábìnrin kan wà ní òpópónà kejì sí wa tó ní ìkókó bíi tèmi. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọkùnrin tó wà níbí, báwo ni mo ṣe máa bá ọkọ mi sọ̀rọ̀ tí kò ní dà bíi pé mò ń ráhùn?

---

Bàbá Ìbejì, Ọ̀fà:

Àǹtí wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọkùnrin ni mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ọkùnrin.

Ẹ má sọ ọ́ fún un lálẹ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù dé. Ọkùnrin tó dúró ní Challenge láti àárọ̀, tó ń bá kọsítọ́mà fa owó ọjà, tí ẹ bá ti lanu pé ó rẹ yín, ohun tí etí rẹ̀ máa gbọ́ ni pé òun ò ṣe tó, á wá dáàbò bo ara rẹ̀. Ẹ wá ọ̀sán Sunday lẹ́yìn oúnjẹ, kí àwọn ọmọ ti sùn. Ẹ kọ ọjọ́ yín sórí ìwé gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe kọ ọ́ fún wa yìí, láti àsùbáà dé ìgbà tí ẹ fi máa sùn, kí ẹ gbé e fún un kó kà á fúnra rẹ̀, kí ẹ wá bi í pé nínú gbogbo èyí, èwo la lè pín? Ọkùnrin mọ ìṣirò. Tó bá rí i lórí ìwé ó máa yé e ju ẹkún lọ.

Èmi, àwọn ìbejì mi, èmi ni mo ń wẹ̀ wọ́n láàárọ̀. Ìyá mi wá kí wa, wọ́n bá mi níbi tí mo ti jókòó lórí àpótí, tí mo gbé ọ̀kan sẹ́sẹ̀, tí mò ń fi kànìnkànìn fọ ẹ̀yìn etí rẹ̀, wọ́n ṣe háà, wọ́n ní ṣé wọ́n ti fún ẹ ní nǹkan jẹ ni, ìyàwó ẹ ńkọ́? Mo ní màmi, ìyàwó mi ń sùn, òun ló jí lóru. Mo ní ẹ̀yin ẹ wẹ̀ mí, èmi náà ń wẹ ọmọ mi. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá gba ìkejì lọ́wọ́ mi. Látìgbà náà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ mi fún àwọn èèyàn wọn, ìwúrí ni wọ́n fi ń sọ ọ́.

Éfésù 5:25 ní kí ọkọ fẹ́ràn aya gẹ́gẹ́ bí Kristi ti fẹ́ràn ìjọ tó sì fi ara rẹ̀ fún un. A máa ń ka ẹsẹ 22 ketekete nínú ìgbéyàwó, tó bá di 25 ohùn á rọlẹ̀. Fífi ara ẹni fún ìyàwó lọ́dún yìí ní Ìlọrin, ohun tó jọ ni pé kí n lọ sí ọjà Ìpàtà ní òwúrọ̀ Sátidé kí n ra ata àti ẹran ọ̀sẹ̀ kan, kí n lọ̀ ọ́ kí n sì bọ̀ ọ́ kí n tó gbé e dé ọwọ́ rẹ̀. Jẹ́tírò wo Mósè nínú Ẹ́kísódù 18, ó ní ohun tí ò ń ṣe yìí kò dára, wàá rẹ ara rẹ tán, torí iṣẹ́ náà wúwo jù fún ẹnì kan. Mósè o, tó ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ lójúkojú. Bí iṣẹ́ bá lè pọ̀ jù fún un, ó lè pọ̀ jù fún ìyàwó mi.

Ìjọba àpapọ̀ gan-an ti mọ̀ pé bàbá ní iṣẹ́ nílé. Lọ́dún 2022 ni wọ́n fọwọ́ sí i pé kí òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ bá bímọ gba ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 14. Àwa tó ń dá ṣọ́ọ̀bù ní, kò sẹ́ni tó máa kọ̀wé fún wa, àwa la máa kọ ọ́ fúnra wa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí kún un tí ẹ bá ń bá a sọ̀rọ̀: ìwé tí ẹ fẹ́ kà, ilé ló ń bọ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló máa jókòó níwájú tíṣà tó mọ iṣẹ́ jù nínú àdúgbò.

---

Nọ́ọ̀sì Onígbàgbọ́, Ìlọrin:

Ẹ jẹ́ kí n wọlé díẹ̀ torí mo rí gbólóhùn kan nínú ohun tí arábìnrin wa kọ́kọ́ kọ, ibi tó ní ó ń ṣe òun bíi pé òun ò sí nínú ilé náà mọ́. Àwa tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn abiyamọ kì í fojú fo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Arábìnrin, ṣé o ṣì ń rẹ́rìn-ín? Ṣé oúnjẹ ń wù ẹ́ jẹ? Tí ọmọ bá sùn, ṣé oorun ń wá fún ìwọ náà, àbí o kàn ń wo òkè àjà ni? Ṣé èrò ń wá pé ó sàn kí o má sí? Tí ìbànújẹ́ bá ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí kò kúrò, tí ohunkóhun ò dùn mọ́ ẹ mọ́, ó lè jẹ́ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó máa ń bá abiyamọ, ó lè wá nígbàkígbà nínú ọdún kìíní lẹ́yìn ìbímọ, àìsàn ni, bí ibà ṣe jẹ́ àìsàn, ó ní ìtọ́jú. Kì í ṣe ẹ̀mí òkùnkùn, kì í sì í ṣe àìnígbàgbọ́. Lọ rí dókítà ní UITH, ọsibítù yunifásítì Ìlọrin, tàbí ọsibítù ìjọba tó bá sún mọ́ ẹ, kí ọkọ rẹ tẹ̀ lé ẹ. Tó bá jẹ́ èrò ikú ló ń wá, lónìí ni kí o lọ, má dúró de ọ̀la. Tó bá sì jẹ́ àárẹ̀ lásán ni, oorun àti ìrànlọ́wọ́ ló máa wò ó.

Ààwẹ̀ náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ abiyamọ ló ń gba ààwẹ̀ gbígbẹ torí kí wọ́n má baà pè wọ́n ní aláìlágbára, omi á gbẹ lára wọn, ojú wọn á máa ṣú. Ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú ní láti jẹ ju bó ṣe ń jẹ tẹ́lẹ̀ lọ, kó sì máa mu omi dáadáa. Ohun mìíràn wà tí o lè yàgò fún níwájú Olúwa tí kì í ṣe oúnjẹ.

Ọmọ oṣù méje, ọmú nìkan ò tó o mọ́. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ni ọmú nìkan, láti ibẹ̀ lọ kó máa jẹ oúnjẹ mọ́ ọn, kí ọmú sì máa bá a lọ títí ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ògì lásán kò lókun nínú, fi ẹ̀pà lílọ̀ tàbí ẹja gbígbẹ lílọ̀ sí i, fún un ní ẹ̀wà tí o yọ èèpo ẹ̀ tí o sì tẹ̀ dáadáa, ẹyin, ànàmọ́ àti ẹ̀fọ́. Tó bá ti ń jẹun dáadáa, ìwọ náà á lè kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ fún wákàtí díẹ̀. Tí o bá fẹ́ fún ọmú sílẹ̀, fọ ọwọ́, lo ike tó mọ́ tó ní ìdérí, má jẹ́ kó ju wákàtí mẹ́rin lọ níta, nínú ooru Ìlọrin kó tilẹ̀ má tó bẹ́ẹ̀ rárá.

Kí àwọn tó gba abiyamọ síṣẹ́ sì gbọ́: òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa sọ pé obìnrin tó ń fọ́mọ lọ́mú ní ilé iṣẹ́ tàbí ilé okòwò, ì báà jẹ́ ti ìjọba tàbí ti aládàáni, ní ẹ̀tọ́ sí ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láàárín àkókò iṣẹ́ láti fi fún ọmọ lọ́mú. Ọ̀gá rẹ ṣe dáadáa tó jẹ́ kí o gbé ọmọ wá, ọ̀pọ̀ obìnrin ni kò rí irú rẹ̀.

---

Ìyá Mẹ́ta, Sángo:

Arábìnrin mi, NCE lèmi náà fi bẹ̀rẹ̀, ọmọ mẹ́ta, mo sì ti parí B.Ed mi, nítorí náà jẹ́ kí n sọ bí ọ̀nà náà ṣe rí.

Ọ̀nà méjì ló rọrùn fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ọ̀kan ni NOUN, yunifásítì ìjọba tí èèyàn ti ń kàwé láti ilé, wọ́n ní ibùdó níbí ní Ìlọrin, kò sí JAMB tí o máa jókòó ṣe, orí fóònù àti kọ̀ǹpútà ni o ti máa ka ìwé, o máa ṣe iṣẹ́ tí wọ́n bá fún ẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, o sì máa lọ síbùdó fún ìdánwò. Ìkejì ni sandwich, ìyẹn kọ́ọ̀sì dìgírì tó jẹ́ pé ìgbà ọlidé gígùn làwọn tíṣà máa ń lọ ṣe é. NOUN dára fún ẹni tó lè bá ara rẹ̀ wí, torí kò sí ẹni tó máa lé ẹ. Sandwich máa ń gba gbogbo ara nínú ọ̀sẹ̀ mélòó kan yẹn, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti jọ̀wọ́ ẹ, wọ́n ti jọ̀wọ́ ẹ, o padà sílé ọkọ àti ọmọ pátápátá. Pẹ̀lú NCE tó dára, wọn kì í sábà mú èèyàn bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kìíní. Sandwich ni mo ṣe, mi ò sì ní gba ẹ nímọ̀ràn pé kí o wọ̀ ọ́ kí ìkejì tó pé ọdún kan. Duro díẹ̀. Ṣùgbọ́n dídúró tó ní ọjọ́ ni kí o dúró, má fi sí ìgbà tí àwọn ọmọ bá dàgbà, torí àwọn ọmọ ò ní í dàgbà tán láéláé, bí wọ́n bá kúrò ní nọ́sìrì ìdánwò Common Entrance á dé, WAEC á tẹ̀ lé e.

Owó, àjọ ni mo fi san án. Èmi àti àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi la jọ ń dá a lóṣooṣù, mo ní kí wọ́n fi tèmi sí oṣù July torí ìgbà náà ni owó ilé ìwé máa ń dé.

Lórí ìyá ọkọ rẹ, má gbọ́ ti àwọn tó ń wò ẹ́ o. Nínú Kwara níbí, ta ni kò ní mùsùlùmí nínú ẹbí? Ìyá ọkọ tèmi náà mùsùlùmí ni, àwọn ló wá gbé pẹ̀lú wa ní gbogbo ọlidé tí mo fi ń lọ lẹ́kíṣọ̀. Wọ́n máa ń dìde kírun, tí wọ́n bá kírun tán wọ́n á jí mi pé ìyàwó, o ní o fẹ́ kàwé, wọ́n á sì gbé ọmọ kúrò lọ́dọ̀ mi. Ní ọjọ́ Sunday, àwọn ló ń di irun ọmọ mi obìnrin kó tó lọ sí Sunday School, wọn kò sì sọ fún mi rí pé kí n má lọ. Mo ń gbàdúrà fún wọn lójoojúmọ́ pé kí wọ́n mọ Olúwa mi, mo sì ń bọ̀wọ̀ fún wọn, méjèèjì ń lọ pọ̀. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe sùúrù fún èèyàn. Tí ìyá bá nawọ́ ìfẹ́ sí ẹ, gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀.

Mo sì fẹ́ dá ìyá wa Gáà Akanbí lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Mà, àwọn ọmọ mi mọ̀ pé màmá àwọn ń kàwé. Àkọ́bí mi máa ń jókòó tì mí lórí tábìlì, òun ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé tirẹ̀, èmi ń ṣe tèmi, a jọ máa ń gbàdúrà kí a tó ṣí ìwé. Ohun tí mo kọ́ nípa bí ọpọlọ ọmọdé ṣe ń ṣiṣẹ́, àwọn ni mo kọ́kọ́ fi dánwò. Mo ti ń pariwo mọ́ wọn tẹ́lẹ̀ nígbà tí wọn ò bá tètè gbọ́ nǹkan, ìwé yẹn ló jẹ́ kí n mọ ohun tí ọmọ ọdún mẹ́rin lè ṣe àti èyí tí kò tíì lè ṣe. Ní ti okùn ìdàpọ̀ tí kò gbọ́dọ̀ já, òótọ́ ni ẹ sọ, mà. Mo rí àwọn tó já fún.

---

Ìyá Àdúrà, Gáà Akanbí:

Ọmọ mi ti Sángo, mo gbọ́, ó yé mi. Olúwa á fi èrè sí i. Ìyá Ọmọ Méjì, tí ìyá tó bá ẹ wí yẹn bá tún pè ẹ́, ní kó fún ẹ ní nọ́ńbà rẹ̀, kó máa pè ẹ́ ní alẹ́ Ọjọ́rú kó gbàdúrà fún ẹ lórí fóònù. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ti inú ìfẹ́ wá, á ṣe é.

---

Ìyá Ọmọ Méjì, Táńkè:

Ẹ kú àdúrótì mi o gbogbo yín. Mo ṣe bí bàbá Ìbejì ṣe sọ, mo kọ ọ́ sórí ìwé, mo fún ọkọ mi ní ọ̀sán Sunday. Ó kà á, ó tún un kà, ó ní ṣé gbogbo èyí kí ilẹ̀ tó mọ́? Ó ní òun ò mọ̀ pé orí ìkúnlẹ̀ tí òun máa ń jí mi yẹn, láti àsùbáà ni ẹsẹ̀ mi ò ti kan ilẹ̀ sinmi. A jọ sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó ti gba wíwẹ̀ àkọ́bí àti gbígbé e lọ sílé ìwé, Sátidé òun ló máa lọ ọjà Mandate kí n lè lọ bá arábìnrin yẹn gbàdúrà. Ó ní kí ìkejì pé ọdún kan àbọ̀ kí n tó wọlé, mo fara mọ́ ọn, ọlidé gígùn tó máa bọ́ sí àsìkò yẹn là ń wò. Ó pe màmá ní Ọ̀fà níwájú mi, wọ́n ní àwọn ti ń dúró.

Nọ́ọ̀sì wa, ẹ má ṣèyọnu, mo ń jẹun, mo ń rẹ́rìn-ín, èrò búburú ò wá rárá. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ka ohun tí ẹ kọ, ó ní a máa lọ rí dókítà síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa lọ.

Ìyá Mẹ́ta, ẹ jọ̀ọ́, orúkọ bàbá mi ló wà lórí NCE mi, orúkọ ọkọ mi ni mò ń jẹ́ báyìí. Ṣé ó máa di wàhálà tí mo bá fẹ́ gba fọ́ọ̀mù?

---

Ìyá Mẹ́ta, Sángo:

Ògo ni fún Olúwa! Kò ní di wàhálà tí o bá tètè ṣe é. Lọ sí kóòtù, wọ́n á bá ẹ ṣe ìwé ìbúra pé ìwọ kan náà lo ni orúkọ méjèèjì, lẹ́yìn náà kí o gbé àyípadà orúkọ sínú ìwé ìròyìn, kí o tọ́jú ojú ewé náà lódindi, má gé e. Mú ẹ̀dà ìwé ìgbéyàwó rẹ mọ́ ọn. Ṣàyẹ̀wò pé orúkọ tó wà lórí NIN rẹ àti ti báńkì bá èyí tí o fẹ́ lò mu, ibẹ̀ ló máa ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró. Ṣe gbogbo ẹ̀ báyìí tí ọwọ́ ṣì dilẹ̀ díẹ̀, má jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tí fọ́ọ̀mù bá fẹ́ parí. Tí o bá máa lọ sí kóòtù, tètè dé kí èrò tó pọ̀, kí ọkọ rẹ sì gbé ọmọ dání fún ẹ.